Irin Tí Kò Sí Nínú Pílánì

Afiwéra, ẹ̀rọ tó ń yẹ ògiri wò, ti tan iná ẹnu rẹ̀ kí Fadérera tó dé ibẹ̀.

"Ẹ dúró!" Ó ń sáré bọ̀ lórí ògiri òkun náà, ó fi ọwọ́ kan di ìborí rẹ̀ mú kí atẹ́gùn má gbé e lọ, ó fi ọwọ́ kejì gbé òǹtẹ̀ bàbà sókè. "Ẹ dúró! Òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ mi!"

Ẹ̀rọ náà dúró. Ó fi ẹsẹ̀ mẹ́jọ rọ̀ mọ́ ara ògiri bí alákàn, ó sì gùn tó ọkọ̀ apẹja kan. Iná búlúù ẹnu rẹ̀ ku ìka mẹ́ta péré kó kan irin. Ohùn ìyá àgbà ni wọ́n fún un nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kí àwọn ọmọdé má baà máa sá fún un. Ohùn yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Òkè-Ìgbì lè pè é ní "ìwọ".

"Ẹ káàárọ̀, Olùtọ́jú Pílánì," ni ó wí. "Irin yìí kò sí nínú ẹ̀dà kẹtàlá pílánì."

"Èwo?"

"Ilẹ̀kùn Omi Kẹta, apá òsì. Pílánì sọ pé irin méjì ló gbé apá ilẹ̀kùn yìí ró. Mẹ́ta ni mo kà. Ohun tí kò bá sí nínú pílánì kò gbọdọ̀ sí lára ògiri. Ìpín kẹsàn-án nínú àdéhùn ló wí bẹ́ẹ̀."

Fadérera fi àyà lélẹ̀ lórí ògiri kó lè rí ìsàlẹ̀ dáadáa. Òótọ́ ni. Irin mẹ́ta ni. Ìpẹtà ti bo ẹ̀kẹta bó ṣe bo àwọn méjì yòókù, ìṣáwùrú ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe irin àná. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélógún tí òun ti ń rìn lórí ògiri yìí, kò sì kà wọ́n rí. Ọdún yìí ni wọ́n gbé Afiwéra dé. Ṣáájú rẹ̀, ojú ènìyàn ni wọ́n fi ń yẹ ògiri wò, ohun tí ojú ènìyàn bá sì ti rí tipẹ́, kì í bi í léèrè mọ́.

Ibi tí wọ́n ti jó irin náà mọ́ ògiri ló wá fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Ó rí wínníwínní, ìlà lórí ìlà, bí ìpẹ́ ẹja. Wẹ́dà kan ṣoṣo ló ń jó irin bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Òkè-Ìgbì.

"Ọjọ́ mélòó ni mo ní?"

"Bí ẹ bá fi òǹtẹ̀ dá mi dúró, ọjọ́ mẹ́ta. Kí ẹni tó fi irin náà síbẹ̀ wá fi ohùn ara rẹ̀ sọ pé òun ni, tàbí kí ẹ mú ẹ̀rí wá pé ó kọ ìwé àyípadà. Bí kò bá sí ọ̀kankan, màá gé e."

"Ìkún òkun oṣù tuntun ku ọjọ́ márùn-ún."

"Mo mọ̀. Pílánì sọ pé irin méjì tó."

Fadérera tẹ òǹtẹ̀ mọ́ àyà ẹ̀rọ náà. Iná kú.

* * *

Ní Ọ́fíìsì Àyípadà, ó tú gbogbo fáìlì Ilẹ̀kùn Kẹta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀dà kìíní, tí wọ́n yà lọ́dún kejì lẹ́yìn Ìṣíkiri, nígbà tí ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé etí òkun. Ẹ̀dà kejì, nígbà tí wọ́n fẹ ojú omi. Ó bá a dé ẹ̀kẹtàlá. Níwájú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni ìwé àyípadà rẹ̀ wà: ẹni tó béèrè, ìdí tó fi béèrè, ọwọ́ aṣojú ìlú, ọwọ́ aṣojú àwọn akọ́ògiri. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ irin kẹta.

Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Kújọrẹ́, wọlé, ó bá a láàárín àwọn ìwé tó tẹ́ sílẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ó ní. Ó fa àga, ó jókòó. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì. "O mọ ẹni tó ṣe é?"

Fadérera tún ṣí fáìlì mìíràn.

"Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo lọ wo ibẹ̀. Ta ni kò mọ ọwọ́ Bàbá Ọnàọlápọ̀?" Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n o mọ ohun tí òfin sọ. Ẹni tó bá yí ògiri padà láìkọ ọ́, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé àwọn akọ́ògiri, ilé orí òpó tí ìlú fi dá a lọ́lá á padà sọ́wọ́ ìlú."

"Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, sà."

"Ṣé mo sọ pé òfin dára ni? O kò tí ì dáyé nígbà Ògiri Àkọ́kọ́. Èmi wà níbẹ̀. Ẹnì kan yọ bóòtù mẹ́rin, ó ní òun á dá wọn padà, kò kọ ọ́. Ẹlòmíràn wo pílánì, ó rí bóòtù mẹ́rin níbẹ̀, ó gbé ẹrù lé e. Ògiri wó, àbúrò mi méjì ni omi gbé lọ." Ó dìde. "Fi í sílẹ̀, Fadérera. Jẹ́ kí ẹ̀rọ gé e. Bí a ò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tí wọ́n á bá wí. Bí ògiri bá sì yẹ̀, pílánì ló jẹ̀bi, kì í ṣe ìwọ."

Ó rò pé àánú ni òun ń ṣe fún un.

* * *

Ilé orí òpó tí Bàbá Ọnàọlápọ̀ ń gbé ni ó kẹ́yìn lórí afárá pákó ìhà ìwọ̀-oòrùn. Omi wà lábẹ́ rẹ̀, omi wà níwájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Àrìnọlá, ń yí ẹja lórí iná ní ẹ̀yìnkùlé. Fadérera kúnlẹ̀ kí i.

"Ìwọ nìyí? Wọlé, wọlé. Ó wà lójú fèrèsé. Ara rẹ̀ dá lónìí."

Bàbá jókòó sórí àga onírọ̀rí, ó kọ ojú sí omi. Òun ló kọ́ Fadérera bí wọ́n ṣe ń ka pílánì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì, tí kò mọ ìlà irin yàtọ̀ sí ìlà omi. Ó ti mú un rìn gbogbo ògiri náà ní ẹsẹ̀, tó ń fi pílánì hàn án, tó ń fi ohun tí pílánì ń sọ hàn án. Ṣùgbọ́n láti ọdún kan ààbọ̀ ni iyè rẹ̀ ti ń ṣá.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Bàbá."

Ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàbọ̀. Ara ọmọ náà ti yá?"

Gbogbo ìgbà tó bá wá ló máa ń bi í bẹ́ẹ̀. Fadérera kò mọ ọmọ tó ń wí, kò sì fẹ́ já a ní koro. "Ó ti yá, sà."

"Ẹ ṣeun o."

Ó tẹ́ ẹ̀dà kẹtàlá sórí itan rẹ̀, ó fi ìka hàn án. "Bàbá, irin kan wà níbí tí kò sí nínú pílánì. Ṣé ẹ̀yin lẹ jó o mọ́ ọn?"

Bàbá fi àtàǹpàkò tọ ìlà ilẹ̀kùn náà, ó lọ, ó bọ̀. "Pílánì rere nìyí," ó ní. "Ta ló ya á?"

"Irin kẹta, sà. Ní apá òsì."

"Mi ò rí irin kẹta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò sí níbẹ̀. Ara ògiri ló wà."

Ó wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó yẹ kó mọ ìdáhùn rẹ̀. Fadérera rí i, ó dùn ún. Ṣùgbọ́n ó ti ro ọ̀rọ̀ náà láti ọ́fíìsì dé ibẹ̀. Ilé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ló wà lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Kẹta. Bàbá Ọnàọlápọ̀ kì í fi irin ṣòfò. Bí ó bá fi irin kẹta síbẹ̀, irin méjì kò tó nìyẹn. Bí Bàbá bá lè sọ ọ̀rọ̀ kan péré fún Afiwéra, irin náà á dúró. Wọ́n á gba ilé yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n yàrá kan ṣófo ní ilé òun, òun á kó àwọn méjèèjì sọ́dọ̀.

Ó di ọwọ́ arúgbó náà mú. "Bàbá, ẹ bá mi wí i. Èmi ni mo fi irin kẹta síbẹ̀."

"Èmi ni mo fi irin kẹta síbẹ̀," ni Bàbá wí, bí ọmọ ilé ìwé.

"Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

"Mi ò kọ ọ́..."

"Fadérera!"

Màmá Àrìnọlá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún èédú. Fadérera kò gbọ́ kí ìyá náà jágbe rí.

"Má fi irọ́ sí i lẹ́nu. Ohun gbogbo ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ tún fẹ́ gba òótọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ó kọ ọ́!"

"Màmá, mo ti tú gbogbo fáìlì..."

"Mo ní ó kọ ọ́. Dìde, kí o máa bọ̀ níbí."

Ó tẹ̀ lé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá náà nu ọwọ́, ó wọ yàrá, ó jáde pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ àtijọ́ kan. Ó fi abẹ tú ojú rírán kan lábẹ́ kọ́là rẹ̀, ó fa ìwé pélébé kan yọ, ó fi lé Fadérera lọ́wọ́.

Ẹ̀yà ìwé ẹ̀rí ni, irú èyí tí ọ́fíìsì máa ń ya fún ẹni tí wọ́n bá gba ìwé àyípadà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. *Ìwé àyípadà, Ilẹ̀kùn Kẹta, irin kan.* Lábẹ́ rẹ̀ ni ìtẹ̀ka àtàǹpàkò ẹni tó gbà á wà, àti orúkọ rẹ̀.

Orúkọ Fadérera ni.

"Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn," Màmá wí. Ó ti jókòó sórí àpótí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Erékùṣù yanrìn tó wà níwájú ilẹ̀kùn ni òkun gbé lọ lọ́dún náà. Ó rí i pé omi ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kì í ṣe iwájú mọ́. Ó kọ ìwé rẹ̀, ó gbé e wá fún ọ. Ó ní o fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ kò sí níbẹ̀."

Fadérera ti rántí. Kò rántí ìwé náà, ọ̀sẹ̀ náà ló rántí. Ìbídùn, ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́fà, nínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn, tí ibà ń jó o bí iná. Láàárọ̀ òun á wá sí ọ́fíìsì nítorí wọn kò fún òun láyè, lọ́sàn-án òun á sáré padà. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìwé wá, òun ń gbà á. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, òun ń sọ pé ó ti parí.

"Ó tún padà wá, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá," Màmá ń sọ lọ. "Ó ní ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i? O ní, wọ́n ti fọwọ́ sí i, Bàbá, ẹ lọ ṣe é. Ó lọ, ó ṣe é. Ìgbà tí ẹ̀dà tuntun jáde ló rí i pé irin méjì ló ṣì wà níbẹ̀. Ó wálé, kò jẹun. Mo ní kí ó lọ sọ. Ó ní, bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé ọmọ yẹn, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ń kú lọ. Ó ní kí ara ọmọ náà yá ná."

Fadérera tún wo orúkọ ara rẹ̀ lórí ìwé náà.

"Ara ọmọ yá. Ó tún ní, jẹ́ kó dúró díẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní òǹtẹ̀ ni, inú rẹ̀ ń dùn. Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún. Gbogbo nǹkan ló ti gbàgbé, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń retí kí ara ọmọ yẹn yá."

Ẹja ń ta pàràpàrà lórí iná. Màmá kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

"Òun kan ṣoṣo ni ẹ̀yà ìwé tó wà. Ó ti sọ fún mi tipẹ́ pé bí ọjọ́ rẹ̀ bá dé, tìẹ ni, kí o ṣe é bí o bá ṣe fẹ́. Iná nìyẹn. Bí o bá sọ ọ́ sí i, mi ò ní bá ọ jà. Ọmọ wa ọkùnrin ní yàrá ní òkè, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. A ó lọ bá a."

"Bàbá á lè gbé ibẹ̀?"

"A gbé e lọ lọ́dún tó kọjá. Kò sùn fún ọjọ́ mẹ́fà. Ó ń bi mí pé, omi dà?"

Fadérera sunkún níbẹ̀, orí rẹ̀ wà lórí orúnkún ìyá náà, èéfín ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Nígbà tó ṣe, ó ká ẹ̀yà ìwé náà, ó fi í sí àyà rẹ̀.

* * *

Ní ọjọ́ kẹta, láàárọ̀, Afiwéra ti tún tan iná rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Kújọrẹ́ wà lórí ògiri, aṣojú ìlú wà níbẹ̀, aṣojú àwọn akọ́ògiri wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ja dúró sórí omi nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń wòran.

"Ẹni tó fi irin náà síbẹ̀ ńkọ́?" ni ẹ̀rọ náà béèrè.

"Kò ní wá," Fadérera dáhùn. "Ó kọ ìwé àyípadà. Ẹ̀rí rẹ̀ nìyí."

Ó na ẹ̀yà ìwé náà sí ojú gíláàsì ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà wò ó pẹ́.

"Mo rí ẹ̀yà ìwé. Mi ò rí ìwé. Ta ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ ṣe sí i?"

Ọ̀gbẹ́ni Kújọrẹ́ ń mi orí sí i láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà: má sọ ọ́.

"Mi ò mọ̀," Fadérera wí. "Mo sọ ọ́ nù. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé ìlú, mo sì sọ fún un pé mo ti kọ ọ́. Ó ṣe ohun tí òfin ní kó ṣe. Èmi ni mi ò ṣe tèmi. Mo fi ohùn ara mi sọ ọ́."

Iná ẹnu Afiwéra ń jó, ó ń jó, ó sì kú.

"Mo gbà á," ni ohùn ìyá àgbà náà wí. "Láti ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀yà ìwé ni àyípadà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn aṣojú méjèèjì sọ bóyá irin náà yóò dúró."

Aṣojú àwọn akọ́ògiri, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹnjiníà Mọ́jọyìn, bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀: "Ẹ ṣírò rẹ̀ fún wa. Omi tó ń gba ẹ̀gbẹ́, ìkún ọ̀túnla. Irin méjì tó?"

"Kò tó," Afiwéra dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Mẹ́ta ló tó."

"Ẹ̀yin sì fẹ́ gé e!"

"Pílánì ni wọ́n ní kí n fi wé ògiri. Wọn kò ní kí n fi wé omi."

Àwọn aṣojú méjèèjì fi ohùn sí i. Lójú wọn ni wọ́n ti ya irin kẹta sínú pílánì, ó di ẹ̀dà kẹrìnlá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ náà na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan síwájú, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé òǹtẹ̀ wá. Òǹtẹ̀ kì í wà lọ́wọ́ ẹni tó sọ ìwé ìlú nù."

Fadérera gbé e lé e. Ó wúwo nígbà tí wọ́n fún un. Ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó ń gbé e sílẹ̀.

* * *

Ìkún òkun dé lọ́sàn-án ọjọ́ karùn-ún. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wá, ó kọlu apá òsì Ilẹ̀kùn Kẹta tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìlú gbọ́ ìró rẹ̀, àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n. Ilẹ̀kùn náà han gooro, kò yẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, omi ti ń padà.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Kújọrẹ́ pe Fadérera. Fún ọdún méje, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pílánì. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á máa bá àwọn tó ń ha ìṣáwùrú kúrò lára ògiri ṣiṣẹ́. Ó sọ ọ́ láìgbé ojú sókè. Lẹ́yìn náà ló ti ẹ̀dà kẹrìnlá ti Bàbá Ọnàọlápọ̀ síwájú rẹ̀, tí wọ́n ti dì sínú àpò. Òfin ni pé kí ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú pílánì gba tirẹ̀ sọ́wọ́.

"Mo lè rán ẹlòmíràn," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo rò pé..."

"Ẹ ṣeun, sà. Màá gbé e lọ."

Bàbá Ọnàọlápọ̀ wà lójú fèrèsé. Màmá Àrìnọlá yọ pílánì náà nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó gbé àga ọkọ rẹ̀ súnmọ́ ọn. Fadérera kò fọwọ́ kàn án. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó dúró.

"Ka á fún mi," ni Bàbá wí. "Ojú mi ti ń ṣú."

Ó ka á láti ibi tó dúró sí. "Ilẹ̀kùn Omi Kẹta, ẹ̀dà kẹrìnlá. Irin mẹ́ta ní apá òsì. Ẹni tó béèrè, tó sì ṣe é: Ọnàọlápọ̀, wẹ́dà àgbà. Ìdí: omi ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé." Ó dé ìlà tó kẹ́yìn. "Ẹni tó gba ìwé, tí kò kọ ọ́ sílẹ̀: Fadérera."

Bàbá gbọ́ orúkọ méjèèjì, kò dà bí ẹni pé ó mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ó fi ìka wá irin kẹta, ó rí i, ó mi orí.

"Ẹni àkọ́kọ́ yẹn mọ omi," ó ní. "Èkejì ńkọ́? Wọ́n ti dárí jì í?"

Fadérera tún wo ìsàlẹ̀ pílánì náà.

"Kò sí nínú pílánì?"

"Kò sí, sà."

"Ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ka èyí lọ́la á rò pé wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Àrìnọlá, mú pẹ́ńsù wá. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n dárí jì í."

Fún ọdún mọ́kànlélógún, iṣẹ́ Fadérera ni láti má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìlà kan kún pílánì láìgbàṣẹ. Màmá wo ojú rẹ̀, pẹ́ńsù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fadérera yẹ̀ sẹ́yìn kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lè bọ́ sórí ìwé náà.

"Ìdí ńkọ́?" ni Màmá bi ọkọ rẹ̀. "Wọn kì í yí nǹkan padà láìsọ ìdí."

Arúgbó náà ronú. Ó ronú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rò pé ó ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń sọ.

"Kọ ọ́ pé, ó wá fúnra rẹ̀."

Màmá Àrìnọlá kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Ó kà á sókè fún un lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.